Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wá ṣe sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ nílé-ìwé: báwo la ṣe máa mọ ojúlówó? (Abẹ́òkúta)

Ọ̀gáÌwé_Àsẹ̀rò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ilé-iṣẹ́ kan kọ lẹ́tà sí wa ní Àsẹ̀rò pé àwọn fẹ́ wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì àfọwọ́ṣe àti róbọ́ọ̀tì fún ọjọ́ 2, láti JSS 1 dé SS 2. Ọmọ 240 ni wọ́n kà. ₦3,500 lórí ọmọ kan, àpapọ̀ rẹ̀ ₦840,000. Wọ́n ní ká san ìdá 60 nínú 100 sílẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀, ìyẹn ₦504,000.

Lẹ́tà náà dán. Nọ́ńbà CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀) wà lórí rẹ̀, wọ́n ní Ministry ètò ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí i, wọ́n ní ọdún 12 làwọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, àti pé àwọn ń bá ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwòrán àwọn ọmọ tó wọ góògù pọ̀ níbẹ̀. Àwọn òbí ló máa san owó yìí, ẹ sì mọ bí ₦3,500 ṣe rí lọ́wọ́ òbí tó ní ọmọ 3 lọ́dọ̀ wa. Kí n tó gbé e síwájú PTA, mo fẹ́ mọ ohun tí mo lè fọwọ́ ara mi yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ṣeé ṣe ni kẹ́ ẹ bá mi sọ, "ẹ ṣọ́ra" nìkan ò tó.

Akọ̀wé_Sápọ́n

Ọ̀gá, ẹ kú ìrònú. Nọ́ńbà CAC yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ojú ìwé ìwádìí (public search) lórí ìkànnì CAC ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́ sì ni. Nọ́ńbà gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má fi orúkọ nìkan wá a, torí orúkọ ilé-iṣẹ́ méjì lè jọra bí ìbejì, kẹ́ ẹ wá máa fi ìwé ẹni rere dá ẹlòmíì láre.

Tó bá jáde, ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà náà. RC ni ti kọ́ńpìnnì, BN ni ti orúkọ òwò, IT ni ti ẹgbẹ́ àti àjọ aláàánú. Bí wọ́n bá kọ "Ltd" sórí lẹ́tà tó sì jẹ́ BN ló wà níwájú nọ́ńbà, ẹ béèrè ìdí. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé ọdún 12 tí wọ́n ń kà. Ẹ wo bóyá ACTIVE ni tàbí INACTIVE. INACTIVE ò sọ wọ́n di olè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìròyìn ọdọọdún ni wọn ò tíì fi ránṣẹ́ sí CAC. Ẹ ní kí wọ́n lọ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu nǹkan kan. Tó bá jẹ́ RC, ìkànnì kejì wà, bor.cac.gov.ng, tí wọ́n ṣí ní 2023. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn tó ni kọ́ńpìnnì náà gan-an. Ẹ fi orúkọ wọn wé ti ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà.

Ti àkáǹtì ńkọ́? Ẹ tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí áàpù báńkì yín bí ẹni fẹ́ fowó ránṣẹ́. Orúkọ á yọ kẹ́ ẹ tó dé ibi PIN. Tó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn ló yọ dípò ti ilé-iṣẹ́, ẹ dúró níbẹ̀. Owó tó wọ àpò ẹnìkan, ilé-iṣẹ́ lè ní òun ò rí i sójú.

Àmọ́ o, CAC kì í dán ẹnikẹ́ni wò lórí sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú lè ní RC, ẹni tó ń ta ìrẹsì ní Kútọ̀ náà lè ní i. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń ṣe fún yín ni pé tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa dì mú.

Fẹ̀yìntì_ÒkèMosàn

Ẹ jẹ́ n dá sí "Ministry ti fọwọ́ sí i" yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú àwọn ọ̀gá ilé-ìwé.

Ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà sí Ministry ní Òkè-Mosàn. Tó bá gbé ẹ̀dà tirẹ̀ dání, akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà á lu òǹtẹ̀ RECEIVED lé e, á kọ ọjọ́ sí i, á sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí òǹtẹ̀ yẹn ń sọ ò ju pé lẹ́tà ti dé. Àwọn kan á wá ya fọ́tò ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tí wọ́n ń pín, wọ́n á kọ "approved" sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á rí òǹtẹ̀ búlúù, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ìwé àṣẹ ò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí: Ministry ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ilé-iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló kọ ọ́ sí Ministry, ìbéèrè nìyẹn, kì í ṣe ìdáhùn. Orí ìwé Ministry ló ń wà, nọ́ńbà fáìlì á wà lókè, ọjọ́ á wà, orúkọ àti ipò ẹni tó buwọ́ lù ú á wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ló kọ ọ́, kí wọ́n fi nọ́ńbà fáìlì wá a. Láti Àsẹ̀rò sí Òkè-Mosàn, ìrìn àárọ̀ kan ni. Ẹ má pe nọ́ńbà fóònù tó wà lórí lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó lè yí lẹ́tà lè yí nọ́ńbà.

Ọ̀rọ̀ "alábàáṣe lókè òkun" náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ òkè òkun ọ̀hún, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn aṣojú wọn sí, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí íméèlì tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀. Ẹni tó ra kíìtì lọ́wọ́ wọn kò di alábàáṣe, oníbàárà ni.

Ẹlẹ́rọ_Camp

Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́ gbogbo yín, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tó jáde ní FUNAAB tàbí MAPOLY, tí wọ́n dáwó jọ ra kíìtì 6, BN ni wọ́n máa ní, Gmail ni wọ́n á máa lò, ọdún kan péré ni wọ́n tíì lò lẹ́nu ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé nìkan la fi ṣe òṣùwọ̀n, ẹni tó lówó àtitẹ lẹ́tà dídán ló máa wọlé, ẹni tó mọ iṣẹ́ á wà níta. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n wá ṣe kíláàsì kan, ọmọ 30, ìṣẹ́jú 75, kẹ́ ẹ tó dá kọ́bọ̀.

Ẹ sì jẹ́ ká ṣírò. Ọmọ 240, ìsọ̀rí ọmọ 30, ìyẹn ìsọ̀rí 8. Ọjọ́ 2, ìsọ̀rí 4 lóòjọ́; ìṣẹ́jú 75 lọ́nà 4 jẹ́ wákàtí 5, ó wọ inú ọjọ́ ilé-ìwé. Ọmọ 3 sí kíìtì 1, kíìtì 10 ti tó, kí 2 wà nílẹ̀ fún èyí tó bá kú. Bí ọmọ 6 bá rọ̀gbà yí kíìtì 1 ká, àwọn 2 tó lẹ́nu jù ló máa fọwọ́ kàn án, àwọn tó kù á máa wo ẹ̀yìn orí wọn. Bí wọ́n bá wá ní gbogbo 240 làwọn fẹ́ kó sí gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan, ìran wíwò nìyẹn. Ìran wíwò dára láyè tiẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun tí òbí ń san ₦3,500 fún.

Ẹ béèrè ohun tó wà nínú kíìtì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní bátìrì 9V kékeré onígun mẹ́rin ló máa yí mọ́tò, ẹ ti mọ̀ pé wọn ò tíì gbé e rí: bátìrì yẹn ò lágbára láti gbé mọ́tò, fóltéèjì rẹ̀ á já wálẹ̀, bọ́ọ̀dù (pátákó kékeré tó ń darí róbọ́ọ̀tì) á máa kú á máa jí, ọmọ á rò pé kóòdù òun ni ò dáa. Bátìrì AA 4 nínú ilé bátìrì ló yẹ. LED, iná kékeré inú kíìtì, gbọ́dọ̀ ní resistor tiẹ̀, tó ń dín iná mànàmáná tó ń wọ̀ ọ́ kù. Lórí 5V, 220 ohm máa ń jẹ́ kí nǹkan bí 14 mA kọjá, èyí tí pín-ìn bọ́ọ̀dù Arduino gbé dáadáa. Bí resistor ò bá sí, LED á jóná, ó sì lè ba bọ́ọ̀dù jẹ́ mọ́ ọn.

Ohun tó ń gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ wọn jù ni kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú ń lo ṣípù CH340. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní draifà rẹ̀ (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kó dá ṣípù náà mọ̀) ò ní rí bọ́ọ̀dù náà rárá. Wáyà USB míì sì wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé dátà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ti dán wáyà kọ̀ọ̀kan wò nílé, á sì ti fi draifà sórí gbogbo kọ̀ǹpútà kó tó wọ ọkọ̀, torí kò ní gbẹ́kẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé. Ẹ kàn bi wọ́n: "Bí kọ̀ǹpútà ò bá rí bọ́ọ̀dù, kí lẹ máa kọ́kọ́ wò?" Ẹni tó bá dá a lóhùn kíá, ó ti ṣe é rí.

TíṣàKẹ́mísìrì_Ìbarà

Ẹlẹ́rọ, ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, mo sì gbè yín lẹ́sẹ̀ lórí àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà kí wọ́n wá dán kíláàsì kan wò láìjẹ́ pé mo ti rí ìwé ewu wọn. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi ojú ọmọ dán nǹkan wò.

Ọ̀gá, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú ìwé tiẹ̀: orúkọ kẹ́míkà, bó ṣe le tó (ìdá mélòó nínú 100, tàbí mol/dm³), iye mílílítà tàbí gíráàmù tí ọmọ kan máa lò, ewu tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n máa fi dènà rẹ̀, àti ibi tí wọ́n máa da ìyókù sí. Kí wọ́n fi ìwé ààbò kẹ́míkà, èyí tí wọ́n ń pè ní SDS, tì í lẹ́yìn. Ìpín 16 ló máa ń ní. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tinútinú ti ní i nílẹ̀, á fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí kò ní i á ní "ẹ má ṣèyọnu, ó ti mọ́ wa lára".

Bẹ́ ẹ bá rí "rainbow flame", iná aláwọ̀ òṣùmàrè, nínú àkójọ náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń dá iná ọ̀hún. Bó bá jẹ́ methanol, kí wọ́n yọ ọ́. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ ìdí rẹ̀. Láti nǹkan bí 11°C ni methanol ti ń tú oru tó lè gbiná sílẹ̀. Kò sígbà tí Abẹ́òkúta tutù tó bẹ́ẹ̀. Iná rẹ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i lójúmọmọ. Ẹni tó ń ṣe é á rò pé iná inú àwo ti kú, á gbé ìgò pé kóun bu díẹ̀ sí i. Iná tó kù á gba ara oru wọ ẹnu ìgò, oru tó wà nínú ìgò á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ti èyí tó kù jáde bí ọ̀kọ̀ iná, tààrà sí ọmọ tó jókòó níwájú. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. CSB, àjọ tó ń ṣèwádìí jàǹbá kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà, gbé ìkìlọ̀ jáde lórí irú àfihàn yìí ní 2014, lẹ́yìn tí ó ti jó àwọn ọmọ.

Ọ̀nà tó dáa wà. Ẹ rẹ igi pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń jẹ áísìkiriìmù, sínú omi iyọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wá fi etí rẹ̀ kan iná Bunsen. Iyọ̀ ọbẹ̀ á mú yẹ́lò wá, copper sulphate á mú àwọ̀ ewé, potassium chloride á mú àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, ìgò methanol ò sì sí nínú yàrá.

Èyí tí wọ́n ń pè ní elephant toothpaste, ìfóòfó tó ń ru jáde láti inú ìgò, náà ń kọ́? Ẹ wo ìdá hydrogen peroxide. 30% á sun awọ ara, tó bá ta sójú ewu ńlá ni. 6% ti tó fún ọmọ JSS. Òun ni ilé-oògùn ń kọ 20 volume sí lára. 100 ml rẹ̀, ọṣẹ olómi ṣíbí kan, ṣíbí tíì kan yíìsì (èyí tí wọ́n fi ń mú búrẹ́dì wú) tí a pò mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 30 ml. Ìfóòfó á rọra gòkè, kò ní bú gbàù, ṣùgbọ́n ọmọ á lè fọwọ́ kan ara ìgò kó sì mọ̀ ọ́n lára pé ó ń gbóná. Ìgbóná yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn á gbé liquid nitrogen wá, ẹ má gbà á sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì: -196°C ló wà, lítà 1 rẹ̀ á di nǹkan bí 700 lítà gáàsì, á sì lé afẹ́fẹ́ tí ọmọ ń mí jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sì dé e mọ́ inú ìgò.

Góògù: ẹ wo ara férémù bóyá wọ́n tẹ EN 166 tàbí Z87 (ti ìlànà ANSI Z87.1) sí i. Ọmọ 30, góògù 30, kò sí "ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín". Omi fífọ ojú: ìṣẹ́jú 15 ló yẹ kí omi máa ṣàn lójú tí kẹ́míkà bá ta sí, nǹkan bí lítà kan àbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn lítà 22 àbọ̀. Láàbù tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ kì í sábà yọ, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó ní ẹnu ẹ̀rọ, tó kún fún omi mímọ́, gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì kí wọ́n tó ṣí ìgò kankan.

Ìyá_Ọbáńtokò

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Òbí ni mí, ọ̀rọ̀ kẹ́míkà yẹn ti yé mi. Èyí tí mo fẹ́ béèrè ni àwọn ènìyàn tó ń bọ̀ fúnra wọn. Ta ni wọ́n? Ṣé ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wà nínú lẹ́tà ló máa wá, àbí wọ́n á kàn ṣa àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ìsinmi jọ láàárọ̀ ọjọ́ náà? Wọ́n sì máa ń ya àwọn ọmọ wa ní fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí Facebook láti fi wá oníbàárà mìíràn.

Lọ́yà_Òkè-Ìlewò

Mà, ìbéèrè yín ló yẹ kó ṣáájú owó. Orílẹ̀-èdè yìí ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2006. Ọmọ tó wà nílé-ìwé wà lábẹ́ ààbò ilé-ìwé. Pé àlejò ló ń kọ́ wọn kò gbé ẹrù yẹn kúrò lórí ọ̀gá ilé-ìwé.

Kí wọ́n fi orúkọ, fọ́tò àti káàdì ìdánimọ̀ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ránṣẹ́ ní ó kéré tán ọjọ́ 3 ṣáájú. Lẹ́nu géètì, kí ẹnìkan mú àkójọ náà dání kó máa fi wé ojú wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, kó padà sílé, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Kí wọ́n mú ìwé ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wá. NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ní ìwé orúkọ àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, wọ́n ṣí i ní 2019. Ẹ wá orúkọ wọn níbẹ̀. Kí orúkọ má sí níbẹ̀ kò sọ èèyàn di ẹni mímọ́, torí ẹni tí ẹjọ́ ti dé bá nìkan ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin yàrá fi ṣe pàtàkì ju ìwé lọ: olùkọ́ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má jókòó sí staff room máa fi máàkì sí ìwé, kò sí àlejò tó gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà fóònù ọmọ.

Fọ́tò: òfin ààbò dátà ti 2023 ń béèrè àṣẹ òbí kí a tó lo dátà ọmọ, àwòrán ojú rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀. Ẹ pín fọ́ọ̀mù kékeré fún òbí, "mo gbà" tàbí "mi ò gbà". Ọmọ tí òbí rẹ̀ ò gbà, ẹ fún un ní ríbọ́nù kan kí ẹni tó ń ya fọ́tò lè mọ̀.

Nípa ìnṣọ́ránsì, bí wọ́n bá ní àwọn ní ti jàǹbá sára ẹlòmíì, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, àti bóyá ó kan iṣẹ́ inú ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà nínú àkójọ NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì, ẹ pe fóònù tó wà níbẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà ìwé náà fún wọn.

Nípa owó, ẹ má san ìdá 60 sílẹ̀. Ìdá 30 lẹ́yìn tí àdéhùn bá ti ní ìbuwọ́lù, ìyókù lẹ́yìn tí ìsọ̀rí tó kẹ́yìn bá parí. Kí ó wà nínú àdéhùn pé iye ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan kíìtì, owó wọn á kúrò. Pé tí wọn ò bá wá, owó á padà láàárín ọjọ́ 7. Pé àwọn ló máa kó ìyókù kẹ́míkà lọ. Kí àwọn òbí san owó sí àkáǹtì ilé-ìwé, kí ilé-ìwé já rìsíìtì fún wọn.

Fẹ̀yìntì_ÒkèMosàn

Mo gbàgbé ti àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ní àwọn ti lọ rí. Ẹ má pe àwọn tí wọ́n kọ nọ́ńbà wọn fún yín nìkan. Ẹ wo aṣọ ilé-ìwé tó wà nínú fọ́tò wọn. Ará Abẹ́òkúta ni wá, a mọ aṣọ ilé-ìwé wa. Ẹ lọ bá ilé-ìwé yẹn, kẹ́ ẹ sì bi tíṣà sáyẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá sinmi. Àwọn mélòó ló wá? Ọmọ mélòó ló fọwọ́ kàn án? Kí ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀? Fọ́tò tí ẹ ò bá mọ aṣọ inú rẹ̀, ẹ fi Google Lens wá a. Bó bá yọ lórí ìkànnì orílẹ̀-èdè míì, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀gáÌwé_Àsẹ̀rò

Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wọn, èsì ti dé. RC wọn jáde, ACTIVE ni, ọdún 2023 ni wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ìwé Ministry ọ̀hún, òǹtẹ̀ RECEIVED ni, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Fẹ̀yìntì ti wí. Àkáǹtì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Ènìyàn 4 ló ń bọ̀, kíìtì 10. Ọjọ́ kìíní, gbogbo ọmọ nínú gbọ̀ngàn. Ọjọ́ kejì, róbọ́ọ̀tì. Wọ́n fi àkójọ kẹ́míkà ránṣẹ́: methanol wà níbẹ̀, hydrogen peroxide 30% wà níbẹ̀. SDS ti methanol nìkan ni wọ́n rí fi sí i. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé kan tí mo fúnra mi wá rí ní wọ́n tẹ̀lé àkókò, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ bá ọmọ sọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wò ju bí wọ́n ṣe ṣe lọ.

Akọ̀wé_Sápọ́n

Lójú tèmi, wọn kì í ṣe gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pa irọ́ 2: ọdún 12, àti Ministry. Bó bá jẹ́ pé ọdún tí ẹnìkan nínú wọn ti fi kọ́ni ni wọ́n ń kà mọ́ ti ilé-iṣẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ méjèèjì kúrò nínú lẹ́tà kí PTA tó rí i.

TíṣàKẹ́mísìrì_Ìbarà

Wọ́n fi SDS methanol ránṣẹ́, wọ́n sì tún fẹ́ dá a níwájú ọmọ 240. Ìyẹn ni pé wọ́n ní ìwé náà, wọn ò kà á. Ọ̀gá, ẹ kọ̀wé sí wọn pé methanol kúrò, 30% di 6%, gbọ̀ngàn di ìsọ̀rí ọmọ 30. Ẹ má fi ìbínú kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe dáhùn lẹ ó fi mọ̀ wọ́n. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ní "ẹ ṣeun, a ti yí i padà", á sì sọ ohun tó fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ní iná yẹn làwọn ọmọ fẹ́ràn jù, ẹ dá a padà.

Ẹlẹ́rọ_Camp

Ènìyàn 4 fún ọmọ 30 ti tó, àgbà 1 sí ọmọ 10, ẹnìkan á sì ṣẹ́kù tó máa dúró ti kẹ́míkà. Bí wọ́n bá sì lè ṣe róbọ́ọ̀tì àti kẹ́mísìrì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ọjọ́ 2 ò ní gba ọmọ 240 fún méjèèjì. Ọjọ́ 4 ni, tàbí kí JSS ṣe kẹ́mísìrì, kí SS ṣe róbọ́ọ̀tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan èyí tó wù wọ́n, àmọ́ kí wọ́n má fún mẹ́rin mọ́ inú méjì.

Ọ̀gáÌwé_Àsẹ̀rò

Èsì wọn dé láàárọ̀ yìí. Methanol ti kúrò, igi inú omi iyọ̀ ló rọ́pò rẹ̀. Peroxide di 6%. Wọ́n ti tún lẹ́tà kọ, ọdún 12 ò sí mọ́, ọ̀rọ̀ Ministry ò sí mọ́. JSS á ṣe kẹ́mísìrì, SS á ṣe róbọ́ọ̀tì. Wọ́n gbà láti wá ṣe JSS 2A ní Ọjọ́bọ̀ láìgba owó, ọmọ 30, ìṣẹ́jú 75. Tíṣà wa á wà níbẹ̀, alága PTA náà á wà níbẹ̀. Kí ni kí wọ́n máa wò?

TíṣàKẹ́mísìrì_Ìbarà

Kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé tí orúkọ ọmọ 30 wà lórí rẹ̀, kó fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ nígbàkígbà tó bá fọwọ́ kan nǹkan. Orúkọ tí kò bá ní ìlà kankan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 75, ẹ kà wọ́n. Kí ẹnìkejì wo góògù: ìgbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ kọ́ ló ṣe pàtàkì, ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń gbé e gun orí iwájú ni. Ṣé ẹnìkan nínú wọn á rí i, á sì dá iṣẹ́ dúró? Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, kí wọ́n tó jáde, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé, ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló mú ìgò náà gbóná? Wọ́n lè fi Yorùbá dáhùn. Ẹ ka ìdáhùn 30 náà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kẹ́ ẹ tó pe alága PTA sórí fóònù lórí ọ̀rọ̀ owó.